Uncle Táí àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa n'Íjàgun

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí Olóògbé Táí Ṣólàrín ní 1922. Ní 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣòkòtò kakí péńpé ni tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì mọ ìjọba lójú. Àwọn ológun tì í mọ́lé ní 1984. Kò yí padà. Ó kú ní 1994.

Àfi bí ìjọba Ògùn ṣe ṣòfin ní 2005, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń jẹ́ orúkọ Uncle Táí di yunifásítì àwọn olùkọ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà! Ìjọba míì tún fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ní 2012. Ariwo ta, wọ́n jáwọ́. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 2025, wọn ò yọ orúkọ Uncle kúrò.