Avedis Zildjian: Oníṣòwò Midinmídìn Tó Gbé Iṣẹ́ Ilé Wọn Dé Amẹ́ríkà

Tẹ́ ẹ bá wo kímbálì dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde àríyá, ìyẹn awo idẹ pẹrẹsẹ tí onílù máa ń fi ọ̀pá lù, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí orúkọ kan lára rẹ̀: Zildjian. Orúkọ ìdílé kan ni.

Ọmọ Àrméníà ni wọ́n, àmọ́ Constantinople, tá à ń pè ní Istanbul báyìí, ni wọ́n ń gbé, lábẹ́ ìjọba àwọn Tọ́kì. Lọ́dún 1618, baba ńlá wọn, Avedis, ń wá bí òun ṣe máa po irin pọ̀ kó lè di wúrà. Wúrà ò jáde, ṣùgbọ́n ó rí bí wọ́n ṣe ń po bàbà mọ́ tánganran tó fi ń dún gooro láì fọ́. Ọba fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí ọmọ ẹni tó ń ṣe kímbálì, bí àwa náà ṣe ń fi Àyàn mọ ọmọ onílù. Bí wọ́n ṣe ń pò ó wá di àṣírí ilé. Ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n ń fi hàn.

Avedis mìíràn nínú ìdílé yìí ló lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1909. Kì í ṣe kímbálì ló lọ ṣe o. Iléeṣẹ́ midinmídìn ló ti gba iṣẹ́, nígbà tó yá, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ Sally níbẹ̀, wọ́n bí Armand àti Robert.

Lọ́dún 1927, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Aram, arákùnrin bàbá rẹ̀, pé ó ti kàn án láti gba iṣẹ́ ilé. Avedis ò kọ́kọ́ fẹ́, torí òwò midinmídìn ń lọ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ tó fi gbà. Síbẹ̀, kò padà sílé. Iṣẹ́ náà ló ní kí wọ́n gbé wá bá òun. Lọ́dún 1929, wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ní Quincy, lẹ́bàá Boston. Aram fúnra rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́.

Ọdún yẹn gan-an ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ta ló fẹ́ ra kímbálì nígbà tí oúnjẹ ò tó jẹ? Avedis ò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù máa retí oníbàárà. Ó ń lọ bá àwọn onílù jazz, ó ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Gene Krupa, onílù olókìkí, wà lára àwọn tó ní kó ṣe é fẹ́lẹ́ sí i. Ó gbọ́ tiwọn, ọjà sì tà.

Ó kú lọ́dún 1979. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Armand àti Robert ò lè jọ ṣe é mọ́, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Lọ́dún 1981, Robert yà lọ, ó dá Sabian sílẹ̀ ní Kánádà. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló gé pọ̀ tó fi sọ ọ́. Títí dòní, Zildjian àti Sabian jọ ń figẹ̀ wọngẹ̀ lọ́jà. Armand ní tiẹ̀ fi àṣírí náà han àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, Craigie àti Debbie, ohun tí wọn ò ṣe rí. Lọ́dún 1999, Craigie di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà.

Àwa tá a wà ní Kánò, Jọ́ọ̀s àti Kàdúná, ọ̀pọ̀ wa ló fi iṣẹ́ baba sílẹ̀ nílé. Ti Avedis fi hàn pé èèyàn lè gbé e dání, kó sì gbèrú lókèèrè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi kọ́ tọkùnrin tobìnrin, ká sì pín ohun tó yẹ ní pípín lójú ayé wa, kí àwọn ọmọ má baà pín in ní kóòtù lẹ́yìn wa.