Thomas Edison àti Ẹ̀rọ Ohùn

Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá ti bọ́ lẹ́nu, kò ṣe é kó jọ mọ́. Bí gbogbo ayé ti rò ó nìyí títí di ọdún 1877. Bí olórin bá kọrin, tàbí tí baba bá ń súre fún ọmọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé ohùn wọn lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é padà. A lè kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn tí ó sọ ọ́ ti lọ pátápátá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ dá ohùn ènìyàn padà ni Thomas Alva Edison, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun ìyanu ni pé ẹni tí etí rẹ̀ di ni ó ṣe iṣẹ́ yìí fún àwa tí etí wa là.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 1847 ni wọ́n bí Edison ní ìlú Milan, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ méje ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tí ó di ọdún 1854, wọ́n kó lọ sí ìlú Port Huron ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ni ọmọ náà lò ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí olùkọ́ rẹ̀ kà á sí olódo. Ìyá rẹ̀, tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, bínú mú un kúrò níbẹ̀, ó sì ń kọ́ ọ nínú ilé. Ìyá yìí ni ó jẹ́ kí ìwé kíkà dùn mọ́ Edison títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé ìròyìn àti ìpápánu nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ láti Port Huron sí Detroit. Ní àkókò yìí náà ni etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ ju ìdí kan lọ tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1862, ó gba ọmọ ọ̀gá ibùdókọ̀ kan là lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin. Baba ọmọ náà kò ní owó tí yóò fi san oore yìí, ṣùgbọ́n ó kọ́ Edison ní iṣẹ́ títẹ wáyà. Iṣẹ́ náà bá a lára mu, nítorí ó máa ń sọ pé dídi tí etí òun di ni kò jẹ́ kí ariwo mìíràn yà á lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó ti ń tẹ wáyà ni ó ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, tí ó sì ń tún un tò.

Ní ọdún 1876, ó kọ́ ilé iṣẹ́ kan sí Menlo Park ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ó sì kó àwọn ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ jọ síbẹ̀. Ní ìparí ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀kan nínú wọn, John Kruesi, bá a kan ẹ̀rọ kékeré kan. Àgbá irin róbótó kan ni, tí a fi ọwọ́ yí. Wọ́n wé tánganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà mọ́ ọn lára. Níwájú rẹ̀ ni ẹnu kan wà tí wọ́n fi nǹkan fẹ́lẹ́ kan bò bí awọ ìlù, abẹ́rẹ́ sì wà lẹ́yìn awọ yìí. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sí i, awọ náà a gbọ̀n, abẹ́rẹ́ a sì máa tẹ tánganran náà bí ohùn bá ti le tó. Bí wọ́n bá dá àgbá náà padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tún gba ojú àpá wọ̀nyí kọjá, awọ a tún gbọ̀n, ohùn a sì jáde. Edison ka ewì ọmọdé kan sí i, ẹ̀rọ náà sì kà á padà fún un. Ẹnu ya gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀, ó sì ya Edison pàápàá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1878, ó gbé e lọ sí Washington fún Ààrẹ Hayes láti gbọ́.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi pa ẹ̀rọ yìí tì, tí ó sì kọjú sí iná mànàmáná. Ní ọdún 1879, gílóòbù rẹ̀ tàn; ní ọdún 1882, ó ti ń fi iná ránṣẹ́ sí àwọn ilé ní ìlú New York. Nínú iṣẹ́ gílóòbù yìí ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ kí á gbàgbé. Ó ṣàkíyèsí pé inú gílóòbù ń dúdú. Nígbà tí ó ń wádìí rẹ̀, ó fi irin pẹlẹbẹ kan sínú gílóòbù náà, irin yìí kò sì kan fọ́nrán tí ó ń tàn. Síbẹ̀, mànàmáná fo àlàfo tí ó wà láàárín wọn, ó bọ́ sí ara irin náà. Edison gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí èyí ní ọdún 1884 gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè fi díwọ̀n agbára iná, ó sì fi í sílẹ̀. Kò mọ̀ pé ohun tí yóò sọ ohùn kékeré di ńlá fún gbogbo ayé ni ó wà lọ́wọ́ òun.

Ní ọdún 1888, ó padà sídìí ẹ̀rọ ohùn rẹ̀, ó sì fi ìda rọ́pò tánganran. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó ṣáájú, Emile Berliner ti gbé tirẹ̀ dé: àwo pẹlẹbẹ ni ó ń lò dípò àgbá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń mì sí ọ̀tún àti òsì. Àwo rọrùn láti tẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì rọrùn láti tò jọ nínú ilé. Ọdún 1912 ni Edison tó gbà láti ṣe àwo, ṣùgbọ́n ó ṣe é ní ìlànà ti ara rẹ̀. Àwo rẹ̀ nípọn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ òkúta dáyámọ́ńdì, ó sì ń lọ sókè sódò. Ohùn rẹ̀ dára púpọ̀. Láti ọdún 1915, ilé iṣẹ́ rẹ̀ a máa pe àwọn ènìyàn jọ sí gbọ̀ngàn, akọrin a máa kọrin pẹ̀lú àwo tirẹ̀, wọn a sì ní kí àwọn olùgbọ́ sọ èyí tí ó jẹ́ ènìyàn àti èyí tí ó jẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, Anna Case, jẹ́wọ́ pé òun a máa rẹ ohùn òun sílẹ̀ kí ó lè bá ti ẹ̀rọ dọ́gba.

Bí ohùn àwo rẹ̀ ti dára tó yìí, ọjà kò tà tó ti àwọn yòókù. Ọwọ́ Edison pàápàá ni ìdí rẹ̀ wà. Òun ni ó ń yan orin tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò tà àti ẹni tí yóò kọ ọ́. Nígbà tí kò gbọ́ dáadáa, a máa fi eyín bu igi ara ẹ̀rọ ṣán, kí ìró lè gba inú egungun orí dé etí rẹ̀. Ohun tí ó bá gbọ́ báyìí ni ó fi ń ṣe ìdájọ́. Kò fẹ́ràn orin jáàsì tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò kọ orúkọ àwọn akọrin sára àwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ akọrin ni àwọn ènìyàn fi ń ra àwo. Sergei Rachmaninoff, àgbà nínú àwọn tí ń tẹ dùùrù, ṣe àwo fún un ní ọdún 1919, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwo Edison kò bá ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn mu, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ẹlòmíràn kò bá tirẹ̀ mu, àfi tí a bá so ohun èèlò mìíràn mọ́ ọn.

Ní àkókò yìí, àwo irú ti Berliner ti tàn ká ayé. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ orin Yorùbá sínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó di olóògbé ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a lọ.

Ohun tí Edison ti fi sílẹ̀ nínú gílóòbù kò sì sùn. John Ambrose Fleming, tí ó ti bá ilé iṣẹ́ Edison ní Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́ rí, fi ṣe fáàfù ní ọdún 1904. Ní ọdún 1906, Lee de Forest fi wáyà tí ó rí bí asẹ́ sí àárín fọ́nrán àti irin pẹlẹbẹ. Láìpẹ́, wọ́n rí i pé ìró tí kò lágbára tí a bá gbé sórí asẹ́ yìí lè máa darí agbára ńlá, bí ọmọdé ti í fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fa màlúù. Nípa báyìí ni ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá ṣe dé. Ní ọdún 1925, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi mànàmáná gba ohùn sínú àwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ àti ìró ìlù ńlá wá ń hàn kedere. Edison kọ̀, ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1929, wọ́n pa iṣẹ́ àwo tì. Igi tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni àwọn ẹlòmíràn ń jẹ èso rẹ̀.

Edison kú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1931, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìwé àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ 1,093. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ilẹ̀ náà pa iná ilé wọn fún ìgbà díẹ̀ láti fi bu ọlá fún un.

Lóde òní, òǹkà ni a ń sọ ohùn dà. Lórí àwo CD, tí ó dé ọjà ní ọdún 1982, ìgbà 44,100 ni a ń díwọ̀n ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ olówó ńlá kan wà tí àwọn olólùfẹ́ orin ń rà, tí iṣẹ́ méjì pọ̀ sínú rẹ̀: ó ń sọ òǹkà padà di ìró, ó sì ń tún ìró náà ṣe kí ó tó kọjá sí ẹ̀rọ alágbára tí yóò gbé e jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan irú rẹ̀, kí ó rántí Edison. Kí ó béèrè bóyá ó bá ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn mu. Kí ó fi orin tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dán an wò, kì í ṣe èyí tí ẹni tí ń tajà bá yàn fún un. Kí ó sì pe ẹlòmíràn wá bá a gbọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Edison fún gbogbo ayé ní etí tí kì í gbàgbé, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ nìkan ni ó gbà gbọ́.