Láti Orí Ọkọ̀ Ogun dé Iyàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́: Ìtàn Nikolai Rimsky-Korsakov

Ní ọdún kìn-ín-ní tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó jìnnà sí ilé wa, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí mo tó dìde jókòó, mo kọ ìwé sí ìyá mi pé koko ni ara mi le. Ìyá mi kò mọ̀wé. Àbúrò mi ni ó ka ìwé náà sí i létí. Nígbà tí mo padà sílé fún ìsinmi, ó wí fún mi pé òun ti mọ̀ pé ara mi kò yá, nítorí pé ìwé náà kúrú jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìyá a máa ka ohun tí a kò kọ pẹ̀lú èyí tí a kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí padà wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìtàn ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Rimsky-Korsakov. Ọmọ ogun ojú omi ni ní ìgbà èwe rẹ̀; olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé ni nígbà tí ó dàgbà; olùkọ́ sì ni títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, tí ẹ sì fẹ́ di olùkọ́, mo rò pé ìtàn rẹ̀ yóò ṣe yín ní àǹfààní.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1844 ni a bí i ní Tikhvin, ìlú kékeré kan tí ó jìnnà tó nǹkan bí 120 máìlì sí St. Petersburg, olú-ìlú Rọ́ṣíà nígbà náà. Andrei ni orúkọ bàbá rẹ̀, arúgbó tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Sophia ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹrú ni ìyá Sophia jẹ́ lábẹ́ ọlọ́lá onílẹ̀ kan, ọlọ́lá náà sì ni bàbá rẹ̀. Ìyá a máa kọrin fún ọmọ rẹ̀, bàbá a sì máa tẹ dùùrù. Kí ọmọ náà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ni ó ti ń fi ìlù kékeré tí a fi ń ṣeré tẹ̀lé dùùrù bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá mọ̀ọ́mọ̀ yí orin padà lójijì, tí ó sì mú un yára, ọmọ kò ní ṣìnà. Ọwọ́ rẹ̀ yóò bá a lọ bákan náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ilé àyàn mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ lásán.

Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rò pé orin ni yóò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìdílé wọn, orin wà fún ìgbádùn, iṣẹ́ sì wà fún oúnjẹ àti ọlá. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Voin, tí ó fi ọdún 22 jù ú lọ, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ọkọ̀ gbé Voin lọ sí ìlà-oòrùn ayé, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń kọ ìwé sílé. Bí wọ́n ti ń ka àwọn ìwé náà nínú ilé, ojú àbúrò ń là sí ìròyìn ìgbì, ìjì àti ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ tí kò tí ì fojú kan òkun rí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn òkun. Ó kọ́ orúkọ gbogbo okùn àti ìgbòkun, ó sì kan ọkọ̀ kékeré fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé ọmọ kan sí àwọn òbí rẹ̀ ni ó yan ọ̀nà fún ọmọ kejì.

Ní ọdún 1856, nígbà tí Nikolai jẹ́ ọmọ ọdún 12, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí St. Petersburg, ó sì fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ibẹ̀ le. Pàṣán kò jìnnà sí ọ̀lẹ, àwọn ọmọ ńlá a sì máa fi ìyà jẹ àwọn kékeré. Nígbà ìsinmi ọdún 1858, inú ọkọ̀ tí Voin jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, níbi tí ó gùn lórí òpó ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó sì já bọ́. Orí yọ ọ́, inú omi ni ó bọ́ sí, kì í ṣe orí pákó ọkọ̀. Wọ́n sì fà á jáde láàyè.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé tí ó ń kọ sí àwọn òbí rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀rẹ́ ìdílé wọn ti mú un lọ wo eré orin, irú eré tí àwọn òṣèré ń fi orin sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Láti ìgbà náà ni ìròyìn eré, ti àwọn tí ń kọrin níbẹ̀ àti ti àwọn tí ń lu ohun èlò, ti kún inú ìwé rẹ̀. Bí àwọn ará ilé bá fetí sílẹ̀ dáadáa, wọn ì bá ti gbọ́ pé ọkàn ọmọ wọn ti ń kúrò lórí omi.

Ní ọdún 1859, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Canille. Nígbà tí ó ṣe, Voin rí i pé orin ń gba àkókò ìwé, ó sì ní kí ẹ̀kọ́ náà dópin. Olùkọ́ rere ni Canille. Ó ní kí ọmọ náà máa wá sí ilé òun ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, kì í ṣe láti wá san owó ẹ̀kọ́, bí kò ṣe kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ orin. Òun kan náà ni ó mú un lọ sọ́dọ̀ Mily Balakirev ní oṣù Kọkànlá ọdún 1861. Balakirev kò tí ì pé ọmọ ọdún 25, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ olórin ti yí i ká bí ọmọ ẹ̀kọ́ ti ń yí ọ̀gá wọn ká. Ó pàṣẹ fún ọmọ ọdún 17 yìí pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sínfónì kan, èyí tí í ṣe orin gígùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò. Ọmọ náà gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Àyọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọdún 1862, bàbá rẹ̀ kú. Ní ọdún kan náà ni ó parí ẹ̀kọ́, tí àṣẹ sì dé pé kí ó wọ ọkọ̀ Almaz lọ sí òkèèrè. Ó wù ú kí ó dúró ti orin, Balakirev pẹ̀lú sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Voin, tí ó ti di adarí ilé ẹ̀kọ́ náà, kò gbà. Kí ni ọmọ opó yóò ṣe? Ìyá rẹ̀ ti di ẹni tí ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà. Ní ìparí ọdún 1862, Nikolai wọ ọkọ̀ lọ. Ọdún 2 àti oṣù 8 ni ìrìn-àjò náà gbà.

Ní Gravesend, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n lè tún òpó rẹ̀ ṣe. Níbẹ̀ ni ó ti kọ apá sínfónì tí ń lọ jẹ́jẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Balakirev. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ní ọdún 1863, Poland ṣọ̀tẹ̀ sí Rọ́ṣíà. Ìjọba Rọ́ṣíà bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé yóò gbógun dìde, ó sì rán àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Báyìí ni Almaz ṣe dé New York, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní ilẹ̀ náà. Nikolai rí ìtàkìtì omi Niagara. Ní ọdún 1864, ọkọ̀ sọdá ìlàjì ayé, ó sì dé Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì. Oko ẹrú ṣì wà níbẹ̀, ọdún 1888 ni a tó fòpin sí i. Àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn Aláwọ̀ Dúdú tí ń ru ẹrù ní ìlú náà.

Ó rí àwọn ìràwọ̀ ìhà gúúsù, ó rí omi tí ń tàn bí iná ní òru lẹ́yìn ọkọ̀, kò sì gbàgbé wọn mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà nínú iṣẹ́ ọkọ̀, ìrètí orin ń kú nínú rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tí ó dàgbà pé ó ti tó àkókò kan tí òun kò fẹ́ di olórin mọ́, tí kò sì dun òun. Èyí ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn rẹ̀. Àdánù tí ń dun ènìyàn ṣì ní àtúnṣe; èyí tí kò dun ni mọ́ ni ó burú.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1865, ọkọ̀ padà sí Kronstadt. Balakirev kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó ní kí ó parí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó parí rẹ̀, wọ́n sì lu sínfónì náà ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún náà. Nígbà tí àtẹ́wọ́ ń ró, tí a sì pe ẹni tí ó kọ orin náà jáde, ẹnu ya àwọn ènìyàn láti rí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 nínú aṣọ ológun ojú omi.

Ẹ̀yin tí ó ń múra àtiṣe olùkọ́, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ní ọdún 1871, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti orin ní St. Petersburg pè é láti wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 27 ni. Etí rẹ̀ dára, orúkọ rẹ̀ sì ti ń kàn, ṣùgbọ́n kò tí ì kọ́ òfin orin ní ilé ìwé kankan rí. Àwọn ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní mọ orúkọ wọn, òun kò mọ̀ ọ́n. Ó gba iṣẹ́ náà, ojú sì tì í nígbà tí ó rí àìmọ̀ rẹ̀. Kò fi ìgbéraga bò ó mọ́lẹ̀, kò sì fi ìbínú lé àwọn tí ń béèrè ọ̀rọ̀. Ó tọ Tchaikovsky lọ fún ìmọ̀ràn, ó ra ìwé, ó sì jókòó bí ọmọdé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó kọ tó nǹkan bí 60 orin ìdánrawò, irú èyí tí ohùn kan ń sáré lé ohùn kejì gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun di ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dára jù ní ilé ẹ̀kọ́ náà, nípa ohun tí òun rí gbà níbẹ̀.

Ní ọdún 1871 kan náà ni Voin kú ní Pisa, ní ilẹ̀ Ítálì, àbúrò rẹ̀ ni ó sì lọ gbé òkú rẹ̀ wálé. Ní ọdún 1873, ìjọba mú Nikolai kúrò nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó gbogbo ẹgbẹ́ onífèrè ti ọmọ ogun ojú omi. Kí ó má baà jẹ́ ọ̀gá tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí kò mọ̀, ó kọ́ láti fọn fèrè oríṣiríṣi fúnra rẹ̀. Ọdún 11 ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Òkun tí ó rí ní ìgbà èwe kò ṣòfò. Ó wà nínú Sadko, ó sì wà nínú Scheherazade ti ọdún 1888, níbi tí ọkọ̀ Sinbad ti ń fò lórí ìgbì. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mussorgsky àti Borodin kú, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, òun ni ó jókòó ti ìwé wọn, tí ó parí rẹ̀ fún wọn. Glazunov, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, sì ràn án lọ́wọ́ lórí ti Borodin. Ìyá rẹ̀ pẹ́ láyé. Ọdún 1890 ni ó tó kú, nígbà tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ọmọ náà dà.

Ní ọdún 1905, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ orin sì kọ̀ láti jókòó. Arúgbó ọmọ ọdún 61 yìí dúró tì wọ́n ní gbangba. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ka orin rẹ̀ léèwọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ju 300 akẹ́kọ̀ọ́ lọ ni ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn olùkọ́ kan pẹ̀lú sì bá wọn lọ. Kí ọdún náà tó parí, Glazunov di adarí, ọ̀gá rẹ̀ sì padà sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1908 ni ó jáde láyé.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí àwọn ìwé tí ó kọ sílé nígbà èwe rẹ̀. Gbogbo ohun tí yóò dà ni ó wà nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ rò pé ìròyìn eré lásán ni. N kò dá wọn lẹ́bi; ìfẹ́ ni Voin fi yan ọkọ̀ fún un, ìfẹ́ ni ìyá rẹ̀ sì fi dákẹ́. Láìpẹ́, ẹ̀yin náà yóò dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọmọ kan bá ń sọ ohun kan náà fún yín lójoojúmọ́, ẹ má ṣe kà á sí eré. Ẹ ṣe bí Canille: ẹ ṣí ilẹ̀kùn yín ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀kọ́ tí a ní kí ẹ kọ́ ọmọ kò yé ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti tún padà di akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, kí ó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i lónìí, kí ó má sì jẹ́ kí ó kúrú jù.