LEO FROBENIUS: ÒYÌNBÓ TÓ GBÉ IṢẸ́ ỌWỌ́ BABA WA FÚN ÀWỌN GÍRÍÌKÌ

Nínú ìtàn ìgbésí ayé tí a mú wá lóṣù yìí, ọkùnrin kan tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Leo Frobenius. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ka ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ nílé ìwé, tí a mọ orúkọ Plato àti Aristotle, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ọkùnrin yìí fẹ́ sọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa di ti àwọn Gíríìkì.

Ìlú Berlin, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1873. Kò parí ẹ̀kọ́ girama, kò sì jókòó ní yunifásítì títí tó fi gboyè. Fúnra rẹ̀ ló fi ìwé kíkà kọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà gbà á lọ́kàn láti ìgbà ọ̀dọ́, débi pé ó ti kọ ìwé lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1898, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ ibẹ̀. Ní ọdún 1904 ló kọ́kọ́ débẹ̀, ní ilẹ̀ Kóńgò. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1935, ìrìn àjò méjìlá ló rìn káàkiri Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí á fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn, Frobenius sọ pé ó ní. Ó kọ àlọ́, ìtàn àti àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà sílẹ̀, èyí tí ì bá ti parun. Léopold Sédar Senghor, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 1960, ka ìwé rẹ̀ nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé, ìwé náà sì mú orí rẹ̀ wú. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá ni a fẹ́ pe ọkùnrin yìí. Ẹni tó fẹ́ràn wa ni, síbẹ̀ ó ṣì wá jẹ́rìí.

Ní ìparí ọdún 1910 ni Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀, òun àti ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Carl Arriens. Nínú igbó Olókun ni wọ́n ti fi orí idẹ kan hàn án. Orí náà dára ju gbogbo ohun tó ti rí ní Áfíríkà lọ: ojú rẹ̀ gún régé, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú náà, adé sì wà lórí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn, pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí wísíkì kan ló san lórí rẹ̀. Ó tún kó àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ sun. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ifẹ̀ fẹjọ́ sun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé wọn kò gbà pẹ̀lú bó ṣe kó ohun àwọn lọ. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì mú kí ó dá orí Olókun àti àwọn ohun mìíràn padà. Síbẹ̀, àwọn orí amọ̀ kan bá a dé Berlin.

Ohun tó kó lọ dùn wá, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ló burú jù. Frobenius wo ẹwà orí wọ̀nyí, ó sì pinnu pé kò lè jẹ́ ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì tó kú ní nǹkan bí ọdún 347 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, ti sọ ìtàn erékùṣù kan tó ń jẹ́ Atlantis, tí òkun gbé mì. Frobenius ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni Atlantis. Ó ní àwọn ènìyàn láti ẹ̀bá òkun Mẹditaréníà ló wá tẹ̀dó síbí láyé àtijọ́, pé Olókun kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì. Kódà ó fi àgbàlá ilé wa tí òjò máa ń rọ̀ sí láàrin ṣe ẹ̀rí. Irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ kún ààfin Ọlọ́wọ̀, ùghà ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè é. Ní ọdún 1911, ìwé ìròyìn gbé e títí dé Amẹ́ríkà pé wọ́n ti rí Atlantis. Nígbà tó di ọdún 1913, ìwé ńlá rẹ̀ ti jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Kí wá ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà? Àyẹ̀wò fi hàn pé láàrin ọdún 1100 sí 1500 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísá ni wọ́n ṣe àwọn orí Ifẹ̀. Nígbà náà, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ògo Gíríìkì àtijọ́ ti wọmi. Àwọn ọlọ́nà Ifẹ̀ a fi amọ̀ mọ orí, wọn a fi ìda bò ó, wọn a gbẹ́ ojú àti ilà sára ìda náà, wọn a tún fi amọ̀ bò ó. Bí iná bá yọ́ ìda náà dànù, wọn a da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Àwọn Gíríìkì náà mọ irú ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n pé ọmọ méjì mọ ìṣirò kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan jí i wò lára èkejì. Ní Nok, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, wọ́n ti hú ère amọ̀ tó lé ní ẹgbàá ọdún. Àwọn baba wa ti ń fi amọ̀ mọ ojú ènìyàn nígbà tí Gíríìkì ṣì wà lórí àlééfà.

Ẹ wo bí àwọn ọ̀mọ̀wé Bagdad ti ṣe tiwọn. Nígbà ayé Kálífà al-Mamun, tó jọba láti ọdún 813 sí 833, wọ́n ń túmọ̀ ìwé Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá. Wọn kò fi orúkọ onímọ̀ pamọ́. Olùkọ́ Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pe Aristotle, bẹ́ẹ̀ al-Khwarizmi kò sì fi pamọ́ pé ọwọ́ àwọn ará Íńdíà ni òǹkà tí òun ń kọ́ni ti wá. Wọ́n gba ìmọ̀, wọ́n sì jẹ́rìí fún ẹni tó ni ín. Frobenius gba ohun ọwọ́ ẹni tó ni ín, ó sì jẹ́rìí fún ẹlòmíràn.

Ọkùnrin náà níyì nílé. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tó dá sílẹ̀ kó lọ sí ìlú Frankfurt ní ọdún 1925, yunifásítì ibẹ̀ sì fi oyè dá a lọ́lá. Ó kú ní Ítálì ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1938, ní ẹni ọdún 65. Ní ọdún 1938 yẹn kan náà, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ hú orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

Ìdáhùn mìíràn wà nítòsí wa. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ ìjọba lórí ohun àtijọ́, walẹ̀ ní Igbo'Laja ní Ọ̀wọ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tó ti tó 600 ọdún. Wọ́n jọ ti Ifẹ̀, wọ́n jọ ti Bìní, síbẹ̀ ti Ọ̀wọ̀ ni wọ́n. Ọ̀dọ́ Ijagba kò nílò ọkọ̀ òfuurufú kó tó rí ibi tí wọ́n ti hú wọn.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni forí balẹ̀ fún ère, Ọlọ́run kan ṣoṣo ni à ń sìn. Ohun tí à ń sọ ni pé ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, Ọlọ́run ló fún un, kò sì yẹ kí á fi òǹtẹ̀ ẹlòmíràn lù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ohun rere tó ti ọwọ́ àwọn baba yín wá, ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yin náà bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn, ẹ wádìí kí ẹ tó jẹ́rìí. Ìfẹ́ nìkan kò tó, Frobenius fẹ́ràn Áfíríkà. Òdodo ló kù tí kò fi kún un. Kí Ọlọ́run Ọba ṣe wá ní ẹlẹ́rìí òdodo. Àmín.