Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti Àìsàn Ẹsẹ̀ Àwọn Ará Ẹ̀pẹ́

A kì í pàdé báyìí kí á má rántí àwọn tó ti kọjá lọ. Ẹni tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kan abọ́ oúnjẹ gbogbo wa, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́.

Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì ni wọ́n ti bí Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ní 1935. Ó lọ sí Christ's School, Adó-Èkìtì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn, ó sì yan ìtọ́jú ọpọlọ àti iṣan ara láàyò.

Ẹ̀yin àgbà Ẹ̀pẹ́, ẹ ó rántí àìsàn kan. Ẹsẹ̀ á máa ta ènìyàn bí iná, á tún kú tipiri. Bó bá dìde, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ojú á ṣú, etí á di. Ẹ mọ̀ wá nílé, irú èyí kì í pẹ́ kí á tó di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀tá tàbí àjẹ́! Nígbà tí ọdún 1960 ń kù sí dẹ̀dẹ̀, Dókítà Money kọ̀wé nípa rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ gan-an ló sì dárúkọ.

Ọ̀ṣuntókun kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ní 1968, ìwé ìròyìn ìmọ̀ Brain ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àlàyé rẹ̀ gbígùn jáde. Ní 1969, òun pẹ̀lú Monekosso àti Wilson kọ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ìlú. Kí ni wọ́n rí? Gbágùúdá ni. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní sáyánáìdì. Bí a bá rẹ ẹ́ dáadáa, tí a rin ín, tí a fún un, tí a sì yan án, púpọ̀ nínú oró náà á lọ. Ara wa á fi èròjà inú ẹja, ẹran àti ẹ̀wà pa ìyókù. Ẹni tó bá ń jẹ gbágùúdá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ láìsí ẹja, ńkọ́?

Kò tán síbẹ̀ o. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ó bá àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà da ọwọ́ pọ̀ lórí àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbà. Èsì rẹ̀ jáde ní 1995: nínú 100 àgbà tó lé ní ẹni ọdún 65, nǹkan bí 2 ló ní in ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó lé ní 8. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ilé ọ̀tọ̀. Gbogbo ayé tẹ́tí. Ọdún yẹn náà ni Ọ̀ṣuntókun kú, ẹni 60 ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú.

Ẹ má jẹ́ kí á fi ìyìn bo òtítọ́. Ní 2000, Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Òsósà, wọ́n sì bá àìsàn ẹsẹ̀ yìí níbẹ̀ síbẹ̀. Ní 2002, wọ́n tún kọ̀wé pé ní ìlú mìíràn tí oró gbágùúdá ti pọ̀ lára àwọn ènìyàn, àìsàn náà kò wọ́pọ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé gbágùúdá nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ṣé èyí wá ba orúkọ olóògbé jẹ́? Rárá! Nítorí pé ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ kedere ni àwọn mìíràn fi lè padà lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ló kọ́ wa pé kí á máa fi iṣẹ́ wa hàn lórí ìwé, kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá délé lẹ́yìn àríyá, tí ẹ bá ń rẹ fùfú, ẹ má kánjú o, kí ẹ sì fi ẹja sí i. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á tún fojú kanra lọ́dún tó ń bọ̀.