Barbara Hepworth: Igi ìgbó Bìní ló gbẹ́ lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀

Ní ọdún 1954, gẹdú kan gúnlẹ̀ sí èbúté Tilbury ní Ìlú Ọba. Ilẹ̀ wa níbí ni ó ti wá, láti inú igbó Bìní. Nígbà náà, Bìní ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, nítorí pé ọdún 1963 ni wọ́n tó ya Mid-West sọ́tọ̀. Tọ́ọ̀nù 17 ni gbogbo gẹdú ọ̀hún. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ iṣẹ́ àwọn agégẹdú láyé ọjọ́un mọ ohun tí irú igi bẹ́ẹ̀ ń dà tó bá dé òkè òkun: ilẹ̀kùn ni, àga ni, tábìlì ni. Èyí kò di ọ̀kankan nínú wọn. Obìnrin ẹni ọdún 51 kan tó ń gbẹ́ ère ló ni ín. Barbara Hepworth ni orúkọ rẹ̀, kò sì tíì pé ọdún méjì tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin kú.

Òkìkí obìnrin yìí kàn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ère rẹ̀ kì í sábà ní ojú, imú tàbí ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Ògùnpa láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, igba ènìyàn á ti bèèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ohun tí wọ́n máa rí ni igi tó rí roboto bí ẹyin, tí wọ́n dá ihò lu láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí wọ́n sì fa okùn tín-ín-rín sí nínú. Àwọn ará ìlú rẹ̀ náà bèèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ka iṣẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ tútù, iṣẹ́ ẹni tó ń fi rúlà àti kọ́ńpáàsì ronú, tí nǹkan kan kì í dùn. Ẹni tó bá mọ ìtàn ayé rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1903 ní ìlú Wakefield, ní apá àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnjiníà ni baba rẹ̀, ọ̀nà àti afárá ló ń bójú tó fún ìjọba agbègbè náà. Baba a máa gbé ọmọ náà sínú mọ́tò bó bá ń lọ wo iṣẹ́. Barbara á máa wo bí òkè ṣe ń ga, bí ilẹ̀ ṣe ń rì wọ inú àfonífojì, àti bí ọ̀nà ṣe ń yí òkè po kó tó dé orí rẹ̀. Títí ó fi dàgbà ni ó ń sọ pé ibẹ̀ ni ojú òun ti là sí ìrí nǹkan. Ọmọ Ìbàdàn tó ti dúró lórí òkè Mápó rí, tó wo òrùlé títí dé ibi tí ojú rẹ̀ mọ, yóò mọ ohun tó ń sọ.

Ní ọdún 1920, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Leeds. Ibẹ̀ ni òun àti Henry Moore ti pàdé, ẹni tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbẹ́kùúta lẹ́yìn ọ̀la. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì bọ́ sí London láti máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Ní 1924 Barbara kọjá sí Ítálì. Ó fẹ́ agbẹ́kùúta bíi tirẹ̀ kan, John Skeaping, níbẹ̀ ní 1925, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ òkúta mábù lọ́wọ́ ọ̀gá oníṣẹ́ kan ní Róòmù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mábù yìí. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ agbẹ́kùúta Òyìnbó kì í fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ òkúta mọ́. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ère, wọ́n á wá gbé e fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pé kí wọ́n gbẹ́ irú rẹ̀ sára òkúta. Barbara àti àwọn ọ̀dọ́ kan bíi tirẹ̀ kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ro ère gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òòlù àti sísẹ́ẹ̀lì. Kò sí ohun tuntun nínú èyí fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ó bí ọmọkùnrin kan, Paul, ní ọdún 1929. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó mú òkúta kan, ó gbẹ́ ihò sí i títí ó fi yọ sí òdìkejì. Láti ìgbà náà ni ihò ti di àmì iṣẹ́ rẹ̀. Òfìfo inú ère náà di apá kan lára ère, bí ihò ìlẹ̀kẹ̀ ti jẹ́ apá kan lára ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Skeaping túká ní 1933, ó sì ti ń bá ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Ben Nicholson rìn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1934, ó bímọ fún Nicholson. Ọmọ kan ni wọ́n ń retí; mẹ́ta ló wáyé, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Ká ní ilẹ̀ wa ni, à bá ti máa kí i kú oríire Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ẹ̀ta Òkò. Kò sí owó lọ́wọ́ tọkọtaya náà, ilé wọn kò sì fẹ̀. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, ó padà sídìí iṣẹ́, gbogbo ohun tó bá sì jọ ènìyàn ti kúrò nínú ère rẹ̀. Lọ́dún 1935 ó gbẹ́ ohun mẹ́ta láti inú òkúta mábù funfun, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ kan: ọ̀kan rí roboto bí ọsàn, méjì rí bí ẹyin. Bí ọ̀kan ṣe tóbi sí èkejì àti bí àlàfo àárín wọn ṣe gùn tó, ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé sọ pé ìwọ̀n àti ìjìnnà ni ó ń yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ èmi kò lè wo òkúta mẹ́ta náà kí n má rántí ìkókó mẹ́ta.

Àsìkò yìí ni ìmọ̀ ìṣirò wọ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Láyé àtijọ́, àwọn olùkọ́ ìṣirò ní Yúróòpù máa ń fi ṣúnṣún, wáyà àti okùn ṣe àwọn nǹkan kéékèèké kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú rí ohun tí nọ́ńbà ń sọ. Barbara gbọ́ nípa irú wọn tí wọ́n tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Oxford, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ó ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn, J. D. Bernal, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sínú ìwé àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 1937.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ okùn yìí kò bá yé, kí ó mú ìgbálẹ̀. Kí ó di ìdì kan mú ní ìsàlẹ̀ àti lókè, kí ó wá lọ́ ọ díẹ̀. Àárín rẹ̀ á sún wọlé, ìdí àti orí á ṣí, ìbàdí yóò yọ. Síbẹ̀, kò sí ọ̀já ìgbálẹ̀ kan níbẹ̀ tó tẹ̀. Gbogbo wọn ló tọ́ gbọnrangandan. Ohun tó tọ́ ló parapọ̀ di ohun tó tẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí èyí. Láti nǹkan bí ọdún 1939 ni Barbara ti bẹ̀rẹ̀ sí í na okùn láti etí ihò kan dé etí kejì nínú ère rẹ̀, tí okùn títọ́ á fi di ohun tó ń yí bí ìgbì. Kì í ṣe pé ó ń jókòó ṣírò kó tó gbẹ́ igi. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wá a.

Nígbà tí ogun Hitler kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1939, wọ́n kó àwọn ọmọ sá lọ sí St Ives, ìlú apẹja kan létí òkun. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Lójoojúmọ́ ni ó ń rí òkúta tí omi ti fọ̀ títí tí kò fi ní igun mọ́, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣà nínú odò Ògùnpa kí wọ́n tó fi kọnkéré dì í lẹ́yìn omíyalé ọdún 1980. Lásìkò ogun, ọmọ àti ilé ló ń tọ́jú lọ́sàn-án, òru ló fi ń ya àwòrán. Lọ́dún 1946 ó gbẹ́ igi kan tó rí bí ìgbì tó ká ara rẹ̀ kò, ó kun inú rẹ̀ ní búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì na okùn sí ẹnu rẹ̀. Pelagos ló sọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí òkun.

Ìbàdàn náà fara kan ìtàn yìí. Ní ọdún 1951, nígbà àjọ̀dún ńlá kan ní London, Jane Drew, obìnrin ayàwòrán-ilé, gbé iṣẹ́ fún Barbara pé kó ṣe ère tí ẹ̀rọ yóò máa yí lọ́wọ́ iwájú ilé oúnjẹ tí òun yà. Jane Drew yìí kan náà àti ọkọ rẹ̀, Maxwell Fry, ni wọ́n ya àwọn ilé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, àwọn ògiri onihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tí gbogbo ẹni tó bá dé Yunifásítì náà ń rí títí dòní.

Ọdún náà ni òun àti Nicholson kọ ara wọn sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1953, ìròyìn dé pé Paul, tó jẹ́ awakọ̀ òfurufú nínú iṣẹ́ ológun, ti kú nínú ọkọ̀ tó já ní ilẹ̀ Thailand. Ẹni ọdún 23 ni. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Ère tí ó gbẹ́ fún ìrántí rẹ̀, tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Ives, kì í ṣe roboto, kì í ṣe onihò: ìyá ni, tó gbé ọmọ rẹ̀ dání.

Àárẹ̀ mú un lẹ́yìn èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1954, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Margaret Gardiner, mú un lọ sí Gíríìsì kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó gun òkè, ó rí àwọn tẹ́ńpìlì àti erékùṣù. Ìgbà tó padà dé ni gẹdú ilẹ̀ wa dé. Igi guarea ni, èyí tí àwọn ará Bìní ń pè ní obobo. Ó le, ó pọ́n díẹ̀, ó ń ta sánsán, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì máa ń ta ni nímú. Ìdààmú ni gbígbé e gba àwọn òpópónà tóóró St Ives kọjá títí dé ọgbà rẹ̀.

Ọdún 1954 àti 1955 ló fi gbẹ́ àwọn tó tóbi jù nínú wọn. Èyí tó ń jẹ́ Corinthos, tó wà lọ́wọ́ ilé ọnà Tate, ga tó bíi mítà kan, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán, àwọ̀ igi náà hàn kedere. Inú rẹ̀ ni ibi tí iṣẹ́ wà: ihò ńlá tó ń lọ́ wọ inú bí ilé ìgbín, tó gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́, tó sì kùn ní funfun. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ìṣirò nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi rí obìnrin tó rí igi tó tó o gbẹ́, tó sì wọ inú rẹ̀ lọ nígbà tí kò sí ibòmíràn láti lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí níbẹ̀. Corinthos, Delphi, Delos, Epidauros, Phira: orúkọ ilẹ̀ Gíríìsì ni gbogbo wọn. Mo mọ ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ì bá wù mí kí ó sọ ẹyọ kan péré ní Bìní. Ìrìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló rìn ní Gíríìsì. Igbó Bìní ló gba ọ̀pọ̀ ọdún láti mú igi náà tóbi.

Lẹ́yìn èyí, idẹ ló ń lò fún àwọn iṣẹ́ ńláńlá. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni Single Form, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 21, tó wà níwájú ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1964 fún ìrántí Dag Hammarskjöld, akọ̀wé àgbà àjọ náà, tó kú nínú ọkọ̀ òfurufú ní Ndola lọ́dún 1961 nígbà tó ń wá àlàáfíà fún Kóńgò. Ọ̀rẹ́ Barbara ni, ó sì ní ère rẹ̀ kékeré kan nínú ọ́fíìsì. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ogun Kóńgò mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun wa náà lọ, àti pé Aguiyi-Ironsi ni ọ̀gá gbogbo ọmọ ogun Àjọ náà níbẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 1964. Ìyá tí ọkọ̀ òfurufú gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ ère fún ẹni tí ọkọ̀ òfurufú pa.

Ọbabìnrin fi oyè Dame dá a lọ́lá ní 1965. Àìsàn jẹjẹrẹ bá a jà, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kárùn-ún ọdún 1975, iná sẹ́ nínú ilé rẹ̀ ní St Ives, ó sì kú sínú rẹ̀ lẹ́ni ọdún 72. Lọ́dún 1976 wọ́n sọ ilé àti ọgbà náà di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Wakefield tí wọ́n ti bí i ṣí tirẹ̀, èyí tó tóbi jù, ní 2011. Nínú ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ní St Ives, wọ́n kò gbá ilẹ̀ kúrò. Òòlù wà níbẹ̀, sísẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí ìkọ́, pẹ̀lú àwọn òkúta tí kò tíì gbẹ́ tán.