Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Owó-orí Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá

Ní ọdún yìí a fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ sí ìyá Fẹlá nìkan.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọdún 1900. Ó kàwé níbẹ̀, ó sì lọ sí Ìlú Òyìnbó ní 1919. Nígbà tí ó padà dé, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ẹni tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà ní 1931.

Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1932, ti àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń kọ́ àwọn oníṣòwò ọjà ní ìwé, ó gbọ́ ìrora wọn. Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó-orí tirẹ̀, kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Àwọn agbowó-orí a tilẹ̀ máa tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí ń san án.

Ní 1946 ó ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà fún gbogbo obìnrin. Ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń wọ ìró àti bùbá bíi tiwọn. Bí ìjọba kò bá fún wọn láṣẹ láti tò la ìlú já, wọn a ní àríyá ni àwọn ń lọ ṣe.

Ní òpin oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tí ó lé ní 10,000 yí ààfin Aláké ká, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Wọn kò gbé ìbọn, wọn kò gbé idà. Orin ni wọ́n ń kọ. Ọba ni ọba, a kò sì lè yin gbogbo orin wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn wọn tọ́. Ní oṣù kẹrin 1948 a dá owó-orí náà dúró. Ní ọdún kan náà Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, ó wá sí Òṣogbo. 1950 ni ó tó padà. Ní 1949 obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ní oṣù kejì 1977, àwọn sójà jù ú láti ojú fèrèsé ilé Fẹlá ní Èkó. Ó kú ní oṣù kẹrin 1978.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn ìyá wa ń dá owó ìdàgbàsókè ìlú bí a ti ń dá a. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ìjókòó mélòó ni wọ́n ní níbi tí a ti ń ná an?